Ọjọ́ Kan Lóko fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Wa

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ nílé-ìwé, ṣùgbọ́n ó kan àwa tí a ń gbé Victoria Garden City, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní VGC, àti àwọn aládùúgbò wa ní Ikota, Lekki àti Ajah, ju ẹlòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ èkísíkọ́ṣọ̀n ni, ìyẹn ìrìn-àjò tí ilé-ìwé máa ń kó àwọn ọmọ lọ kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Àwọn baba wa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ládùúgbò wa pé níbo ni gàrí ti ń wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ó bá ní láti ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ bi í pé kí ni ebè, yóò máa wo ojú yín. Ẹ bi í pé kí ni ó wà láàárín ẹyìn ojú igi àti epo inú ọbẹ̀, yóò ní ẹ jẹ́ kí òun lọ wo inú fóònù. Ẹ má bá ọmọ náà wí. Kò sí ẹni tí ó mú un débẹ̀ rí. Bí ọmọ kò bá sì mọ làálàá tí ó wà nídìí oúnjẹ, báwo ni yóò ṣe mọ oore tí a ṣe fún un nígbà tí a bá gbé àwo ka iwájú rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí àwo àmàlà fi ń bọ́ sínú ààtàn nínú ilé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kẹ́dùn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe débí. Ní oṣù Jánúárì 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ilẹ̀ wa, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun rere ni, títí di òní ni a sì ń jẹ nínú èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó máa ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko láàárọ̀ wá ń gba ọ̀nà ilé-ìwé. Kò pẹ́ tí ìjọba fi rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ìwé mẹ́fà kò fẹ́ padà sídìí ọkọ́ mọ́. Ní nǹkan bí 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àgbẹ̀, tí wọ́n wo àpẹẹrẹ rẹ̀ láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé lè di àgbẹ̀ òde òní. Púpọ̀ nínú wọn ni ó tún fi ibẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n lọ wá iṣẹ́ ní ìlú ńlá.

Ohun mìíràn tún bà á jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé àdá tàbí ọkọ́ lé e lọ́wọ́: lọ ro ẹ̀yìn kíláàsì, lọ gé koríko pápá. Ohun tí a bá fi ń jẹ ọmọ níyà, ó ṣòro kí ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀. Mo wí nítorí náà pé ilé-ìwé ni ó mú ọmọ kúrò lóko. Ojúṣe ilé-ìwé ni kí ó mú un padà lọ wò ó, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà tó tán nílẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rí irú ewu yìí ṣáájú wa. Ní ilẹ̀ Swídìn, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Artur Hazelius rí i pé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń fa àwọn ará oko wọ ìlú, ilé àtijọ́ ń wó, ọgbọ́n ọwọ́ àwọn àgbà sì ń bá wọn wọ sàréè. Ó kó ilé àwọn àgbẹ̀ jọ láti ẹkùn gbogbo. Wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n kó wọn wá sí Stockholm, olú-ìlú wọn, wọ́n sì tún wọn tò bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ní 1891 ni ó ṣí ibẹ̀ fún ará ìlú, tí ó pè é ní Skansen. Ó kó ẹran ọ̀sìn síbẹ̀, ó sì fi àwọn ènìyàn tí ó wọ aṣọ àtijọ́ sínú àwọn ilé náà. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n yìí ti tàn káàkiri ayé: mùsíọ́mù tí ó wà láàyè, oko ìṣẹ̀ǹbáyé tí ènìyàn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lójú àlejò.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Iowa níbi tí àgbàdo ti pọ̀ lọ súà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé oko, William Murray, dá oko kan sílẹ̀ ní 1970, ní ìlú Urbandale. Living History Farms ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ rẹ̀ tó éékà 500. Oko ìgbà mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: oko àwọn Ioway, tí í ṣe onílẹ̀, bí ó ti rí ní 1700, oko àwọn àjèjì tí ó wá tẹ̀dó, bí ó ti rí ní 1850, nígbà tí akọ màlúù ń fa irin ìtúlẹ̀, àti oko 1900, nígbà tí ẹṣin ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ màlúù. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá débẹ̀ yóò rin ìrìn igba ọdún láàárín wákàtí díẹ̀. Yóò bá obìnrin nídìí iná igi, tí ń se oúnjẹ ìgbà náà. Yóò bi í léèrè, obìnrin náà yóò sì dá a lóhùn.

Èyí tí ó kàn wá jù wà ní Staunton, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ní 1988 ni wọ́n ṣí Frontier Culture Museum níbẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn lè rí irú oko tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀ kí wọ́n tó dé Amẹ́ríkà: oko Gẹ̀ẹ́sì, oko Ireland, oko Jámánì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rò ó pé àwọn òyìnbó nìkan kọ́ ni ó ro ilẹ̀ Virginia. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí ó ro ó ni wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó láti apá ilẹ̀ tiwa, àwọn Ìgbò sì pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà wọ́n kọ́ agboolé àgbẹ̀ Ìgbò kan síbẹ̀, bí ó ti rí ní àwọn ọdún 1700, ilé alámọ̀ tí a fi koríko bò. Ẹ gbọ́ ná: ọmọ òyìnbó ní Virginia ń wọ agboolé àgbẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, olùkọ́ rẹ̀ ń ṣàlàyé fún un. Ọmọ Nàìjíríà ní VGC, tí ìyá bàbá rẹ̀ ṣì nílé sí abúlé, kò tí ì fọwọ́ kan ọkọ́ rí.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ Virginia tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ṣàkíyèsí. Oko ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó dára kì í parọ́. Wọn kò fi ẹrú pamọ́ kí ìtàn lè dùn. Bí àwa náà bá fẹ́ sọ ti oko àwọn baba wa fún ọmọ, kí a má sọ ọ́ bí ẹni pé ayọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ejò ń bẹ níbẹ̀. Ebi ń bẹ níbẹ̀, nígbà tí iṣu àná tán tí tuntun kò sì tí ì ta. Ìwọ̀fà ń bẹ níbẹ̀, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ gbèsè, tí ó ń ro oko olówó títí gbèsè yóò fi tán. Ọmọ tí ó bá gbọ́ òdodo nípa ìgbà àtijọ́ ni yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó gbà níbẹ̀ àti ohun tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀.

Èwo ni a wá lè ṣe láti VGC? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nítòsí.

Lekki Conservation Centre kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa, lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ni ó ni ín, àjọ tí Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní 1980. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà 78, igbó àti àbàtà ni, ọ̀bọ ń fò láti orí igi dé orí igi. Afárá orí igi tí ó wà níbẹ̀ gùn tó mítà 401. Ọmọ tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò mọ irú ilẹ̀ tí ó wà ní gbogbo agbègbè wa kí a tó da yanrìn sí i, kí a tó kọ́lé. Fún àwọn ọmọ kéékèèké tí kò lè rìn jìnnà, ìdajì ọjọ́ níbẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n igbó ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi oko han ọmọ kò tí ì débẹ̀.

Ní Oníkan, ní Èkó, mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ wà tí wọ́n ṣí ní 1957, John Randle Centre tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá sì wà nítòsí rẹ̀. Méjèèjì yẹ ní wíwò. Ní Jos, wọ́n mọ àwòṣe mọ́ṣáláṣí Zaria àti odi Kánò síta gbangba, lábẹ́ àbójútó Dmochowski, ayàwòrán-ilé ọmọ ilẹ̀ Poland. Ṣùgbọ́n Jos jìnnà sí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin, oko Songhai wà níbẹ̀, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985. Adìẹ, ẹja, ìgbín, ewébẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, títí kan ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n ń sọ di gáàsì ìdáná. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga lè lọ síbẹ̀ bí ìwé ìrìnnà wọn bá pé, nítorí ibodè ni wọn yóò kọjá.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sún mọ́ oko ìṣẹ̀ǹbáyé jù lọ fún wa ni bàbá àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ní abúlé kan ní àyíká Ẹ̀pẹ́. Ó ju 50 kìlómítà lọ láti ẹnu géètì wa, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a sì máa tọ̀. Ìlú tí ó ní ìtàn ni Ẹ̀pẹ́: ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní Dìsẹ́ńbà 1851, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Ọmọ lè rí ọjà ẹja níbẹ̀, kí ó gbọ́ ìtàn, kí ó sì dé oko, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ní ẹbí ní apá Ìjẹ̀bú tàbí Ìkòròdú lè ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní láti gba ènìyàn síṣẹ́, kí wọ́n wọ aṣọ àtijọ́ fún un, kí ó máa ṣe bí àgbẹ̀ ayé ìjọ́un. Tiwa ṣì ń mí. Kò ní láti wọ aṣọ eré. Ṣùgbọ́n kò lè dúró dè wá títí láé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìgboro Èkó, wọ́n ń gun ọ̀kadà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kánjú.

Bí ẹ bá gbà pẹ̀lú mi, ẹ gbọ́ bí a ṣe lè tò ó.

Èkínní, ẹ lọ wo ibẹ̀ ṣáájú àwọn ọmọ. Kí olùkọ́ kan lọ, kí ìyá kan lọ, kí àgbàlagbà kan tí wọ́n tọ́ lóko sì bá wọn lọ, nítorí ojú rẹ̀ yóò rí ohun tí ojú wa kò lè rí. Kí wọ́n wo ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì yóò gbà, kí wọ́n wo ibi ìtura tí àwọn ọmọbìnrin lè lò, ibi òjìji, ibi tí a ti lè ṣe àlùwàlá kí a sì kírun, àti ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Èkejì, ẹ mọ oṣù tí ẹ ń lọ. Oko kì í ṣe sinimá tí ń ṣe eré kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá lọ láàárín Fébúrárì sí Máàyù, ẹyìn pọ̀, ẹ óò rí bí wọ́n ṣe ń fo epo. Ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní Máàṣì tàbí Épírì ni ẹ óò rí ìgbìn àgbàdo. Ní Júùnù àti Júláì, àgbàdo tútù wà, ṣùgbọ́n òjò ń da ọ̀nà Lekki rú, omi sì ń dí wa mọ́lé. Ní Ọ̀kitóbà títí dé Dìsẹ́ńbà, kòkó wà ní apá Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gẹ́, tí àwọn kan ń pè ní gbàgùdá, wà nígbà gbogbo. Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ wo kàlẹ́ńdà Lárúbáwá pẹ̀lú ti òyìnbó. Ní 2026 àti 2027, oṣù Fébúrárì àti Máàṣì ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí, kò sì yẹ kí a kó ọmọ tí ń gba ààwẹ̀ lọ kọ ebè nínú oòrùn. Ẹ lọ kí ààwẹ̀ tó dé, tàbí lẹ́yìn ọdún ìtúnu.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ bá àgbẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ṣètò iṣẹ́ sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èkísíkọ́ṣọ̀n ti ń bàjẹ́: àwọn ọmọ á dé, wọ́n á wo ewé, wọ́n á jẹ búrẹ́dì, wọ́n á padà sílé. Gàrí kì í jinná lọ́jọ́ kan. A ó hú ẹ̀gẹ́, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó dà á sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ jáde, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó kan, kí a tó fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, kí a tó yan án nínú agbada. Nítorí náà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ti rin apá kan sínú àpò ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Bí àwọn ọmọ bá dé, wọn yóò hú ti ọjọ́ náà, wọn yóò bó o. Wọn yóò rí èyí tí ó wà lábẹ́ òkúta. Wọn yóò jọ èyí tí ó ti gbẹ, wọn yóò sì yan án. Wákàtí mẹ́ta yóò fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin hàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti epo: kí wọ́n ti se ẹyìn mọ́jú, kí àwọn ọmọ bá a nínú odó, kí wọ́n gún un, kí wọ́n yọ ẹ̀kùrọ́ sọ́tọ̀ àti ìhá sọ́tọ̀, kí wọ́n rí bí epo ti ń léfòó lórí omi tí a ń gbọ́n ọn.

Ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ni kí ọmọ fi kọ́ ọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ebè kan, kí ó gbin igi ẹ̀gẹ́ kan. Ebè kan péré, ẹ óò rí i bí èémí yóò ti máa jà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí bàbá àgbẹ̀ sọ fún wọn pé òun a máa kọ igba tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, bí ó bá jẹ́ òótọ́. Kí ó sọ ti àárò fún wọn, bí ọ̀dọ́ mẹ́fà ti ń ro oko ẹnìkan lónìí, tí wọ́n ń ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Kí ó sọ ti ọ̀wẹ̀, bí ọkùnrin ti ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ lọ bá àna rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí àna ń fi oúnjẹ gbà wọ́n lálejò. Kò sí owó kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, oko sì ń di ríro. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Inú ebè ni ọmọ yóò ti rí ìtumọ̀ òwe náà.

Kí olùkọ́ ìtàn náà gba ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. Iṣu jẹ́ ti ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti òkè òkun wá, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn Potogí wà lára àwọn tí ó gbé wọn dé. Àwọn Àgùdà tí ó padà láti Bràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì wà lára àwọn tí ó tan ọgbọ́n gàrí ká etíkun wa. Ọmọ tí ó bá dúró láàárín oko kan náà tí ó mọ èyí, ó ti ka ìtàn ilẹ̀ mẹ́ta láìṣí ìwé.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ owó. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn: owó bọ́ọ̀sì, owó oúnjẹ, owó àgbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan jókòó sílé nítorí pé bàbá rẹ̀ kò rí owó san. Kí àwọn tí Ọlọ́run bù kún fi díẹ̀ lé tiwọn, kí a má sì dárúkọ ẹni tí a san án fún. Mo tún ní ìmọ̀ràn kan tí yóò le létí àwọn kan. Lẹ́yìn ògiri wa, ní Ikota, àwọn ilé-ìwé wà tí ọmọ dírẹ́bà wa, ọmọ mẹ́gádì wa, àti ọmọ àwọn obìnrin tí ń bá wa fọṣọ ń lọ. Ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé méjèèjì jọ lọ, kí a dà wọ́n pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan. Nínú àwọn ọmọ náà ni ẹ óò ti rí èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ ń yan gàrí, tí ó mọ bí a ti ń di ọkọ́ mú. Lọ́jọ́ náà, ọmọ tí tiwa ń wò láti inú fèrèsé mọ́tò ni yóò di olùkọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ yìí nìkan ni wọ́n mú bọ̀, owó bọ́ọ̀sì kò ṣòfò.

Ẹ̀kẹfà, ẹ fún àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Odidi ọjọ́ iṣẹ́ ni ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, olùkọ́ ni ó sì jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ bá a dúnàá-dúrà ṣáájú, kí ẹ san án pé, ẹ má sì fi ṣe ọ̀rọ̀ a-fún-ọ-ní-nǹkan. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń kí àgbẹ̀: “Àroko bọ́dún dé o!” Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀. Kí wọ́n máa pè é ní Bàbá, kí wọ́n pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìyá. Kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò wọn láìgba àṣẹ. Ènìyàn kì í ṣe ẹran inú ọgbà.

Èkeje, ààbò. Àgbà kan fún ọmọ mẹ́fà, kí ó mọ orúkọ wọn, kí ó máa kà wọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń wọ bọ́ọ̀sì tàbí tí wọ́n bá ń sọ̀. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, fìlà tàbí gèlè, omi mímu tí ó tó. Àdá kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ àgbà. Kí òbí kọ̀wé bí ọmọ rẹ̀ bá ní ikọ́ fée tàbí ohun tí ara rẹ̀ kò gbà. Kí bọ́ọ̀sì gbéra ní kété tí a bá kírun àsùbáà tán, nítorí ọ̀nà Ajah kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí a kírun ìrọ̀lá lóko, kí a sì ti máa bọ̀ nílé kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìrọ̀lẹ́ tó dé.

Ẹ̀kẹjọ, iṣẹ́ kò parí níbi tí bọ́ọ̀sì bá gbé wọn sọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú igi ẹ̀gẹ́ kan bọ̀, kí a gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọgbà ilé-ìwé. Kí ọmọ tí ó gbìn ín máa ro ìdí rẹ̀. Kí ó má jẹ́ ìyà, kí ó jẹ́ ipò. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, wọn yóò hú u. Kí wọ́n yan án fúnra wọn, kí wọ́n sì pe àwọn òbí wá jẹ ẹ́. Nígbà náà ni ẹ óò mọ̀ bóyá ìrìn-àjò náà ṣe wọ́n ní àǹfààní.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò ní, “Ṣé owó ilé-ìwé tí mo san tó báyìí ni wọn yóò fi kó ọmọ mi lọ ro oko?” Mo dáhùn pé ọmọ yín kò lọ di àgbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àbùkù níbẹ̀ bí ó bá dà á. Ó lọ mọ ohun tí ó gbé e ró. Dókítà ń jẹun, lọ́yà ń jẹun. Ẹni tí yóò di gómìnà lọ́la ni yóò sọ iye owó tí ìjọba yóò ná sórí àgbẹ̀. Bí kò bá rí ebè rí, kí ni yóò fi pinnu rẹ̀? Ẹlòmíràn yóò ní oòrùn pọ̀, yàn-mù-yán-mú pọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n yàn-mù-yán-mú VGC kò kéré sí ti Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹlòmíràn yóò ní ìyá òun àgbà wà nílé, òun yóò ní kí ó sọ ìtàn oko fún àwọn ọmọ. Ẹ ṣeun, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n ẹ tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ mú ìyá náà wọ bọ́ọ̀sì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e, àwọn ọmọ kíláàsì náà kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ wọn nídìí agbada. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọ́n nílò ara wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ wà báyìí. Ẹ má dúró de ìjọba kí ó kọ́ oko ìṣẹ̀ǹbáyé fún wa kí ẹ tó gbéra. Ẹ wá bàbá kan rí kí sáà yìí tó parí, ẹ dá ọjọ́ fún un, kí ẹ sì mú ọjọ́ náà ṣẹ. Ẹni tí ó bá ṣe irú ìrìn-àjò yìí, kí ó kọ̀wé sí wa, kí ó sọ oṣù tí wọ́n lọ, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ṣe, àti bí gàrí wọn ti rí lẹ́nu, kí àwọn ilé-ìwé mìíràn lè kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá wọn lókè eèpẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.